Rírìn Nínú Igbó Pẹ̀lú Ọ̀rẹ́: Bí Ọjọ́ Ṣe Ń Lọ Lórí Appalachian Trail

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tó gba orí òkè kọjá ní ìpínlẹ̀ 14. Appalachian Trail ni wọ́n ń pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí Springer Mountain ní Georgia, ó sì parí sórí òkè Katahdin ní Maine, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá. Gígùn rẹ̀ lé ní 2,190 máìlì, nǹkan bíi 3,500 kìlómítà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Èkó sí Kánò, kó rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, kó tún fi díẹ̀ lé e. Kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sí ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ lásán ni.

Àwa mẹ́rin, ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ gbé dé Atlanta, la rin ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà ní oṣù Kẹrin: 50 kìlómítà, ọjọ́ mẹ́rin. Láti ìgbà tí a ti dé làwọn èèyàn ti ń bi mí pé kí lẹ ń jẹ, níbo lẹ ń sùn, ṣé ẹranko ò fẹ́ pa yín jẹ ni? Màá dáhùn gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lọ, kò sẹ́ni tó bi mí: báwo lèèyàn mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn ò yá bákan náà ṣe ń rin ọ̀nà kan ṣoṣo, tí ìjà ò ní dé, tí ẹnì kankan ò sì ní sọnù? Ìdáhùn sí ìyẹn ló gbé wa dé ilé.

Ọ̀nà náà àti àwọn tó ń rìn ín

Benton MacKaye ló kọ́kọ́ dá a lábàá ní 1921. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló la púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì parí ní 1937. Ní 1948, Earl Shaffer, tó ti ja Ogun Àgbáyé Kejì, sọ pé òun rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láàárín ọdún kan, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde. Ní 1955, Emma Gatewood, ìyá ọlọ́mọ 11, ẹni ọdún 67, dá rìn ín tán. Bàtà kánfáàsì ló wọ̀, àpò aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló sì gbé kọ́ èjìká. Ní 1968, òfin ìjọba àpapọ̀ sọ ọ̀nà náà di ti orílẹ̀-èdè.

Àwọn tó ń rìn ín tán máa ń lo nǹkan bí oṣù márùn-ún sí méje. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kúrò ní Georgia ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, kí òtútù tó ká wọn mọ́ Maine ní oṣù Kẹwàá. Nínú ẹni mẹ́rin tó bá dá a láṣà, nǹkan bí ẹnì kan ló ń parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kéèyàn rìn ín tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rìn ín bí ẹni ń gé iṣu: ọjọ́ mẹ́rin lọ́dún yìí, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún tó ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní apá Georgia tí a rìn, ẹnikẹ́ni ò gba owó ọ̀nà lọ́wọ́ wa, a ò sì nílò ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sùn nínú ọgbà ìjọba Great Smoky Mountains, tó wà níwájú, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ ọ̀nà

Ìlà ọ̀dà funfun lára igi tàbí lára àpáta ni atọ́nà wa. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì méjì, gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́fà. Bí ẹ bá rí ìlà méjì tí ọ̀kan wà lókè èkejì, ẹ la ojú yín: ọ̀nà fẹ́ yí nìyẹn. Ìlà àwọ̀ búlúù ló máa ń júwe ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, bíi èyí tó lọ síbi omi tàbí ibùdó ìsùn. Bí ẹ bá ti rìn fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìrí funfun, ẹ má tẹ̀síwájú. Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti rí èyí tó kẹ́yìn.

Ní Maine, odò Kennebec gé ọ̀nà náà, ọkọ̀ ojú omi kékeré ló sì ń gbé èèyàn kọjá. Wọ́n kun ìlà funfun yẹn sínú ọkọ̀ náà, nítorí pé ọkọ̀ gan-an ni ọ̀nà níbẹ̀.

Láti òwúrọ̀ dé alẹ́

Ìmọ́lẹ̀ ló ń jí wa, kì í ṣe aago. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀, ẹnì kan á ti tan sítóòfù kékeré. Ògì gbígbẹ tí a fi omi gbígbóná lú ni oúnjẹ àárọ̀. Lẹ́yìn náà, a ó ká àgọ́ tòun ti ìrì lára rẹ̀, a ó di ẹrù, ó di ọ̀nà. Ẹrù yìí ni kẹ́ ẹ fiyè sí. Lítà omi kan jẹ́ kìlógíráàmù kan, oúnjẹ gbígbẹ tí ẹnì kan máa jẹ lóòjọ́ náà sún mọ́ kìlógíráàmù kan. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹrù ẹ̀yìn má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara ẹni lọ. Ọ̀kan nínú wa gbé ìrọ̀rí ilé dání. Kò ju ọ̀sán ọjọ́ kìíní lọ tó fi ń bẹ̀ wá ká bá òun gbé e. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Lọ́sàn-án, gààrí ló gbà wá. Ẹ ò ní dáná, ẹ ò ní fọ ìkòkò. Ẹ sẹ́ omi odò, ẹ dà á lé gààrí, ẹ fi ẹ̀pà àti kúlíkúlí sí i, ó parí. Kílíṣí náà ò wúwo, kì í sì í tètè bàjẹ́. Àwọn òyìnbó tó jókòó tì wá ń jẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ àti bọ́tà ẹ̀pà. Ọ̀kan nínú wọn tọ́ gààrí wa wò, ó sì ní kí la máa gbà ká fi kọ́ọ̀bù kan sílẹ̀ fóun.

Omi odò mọ́ lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má bu ú mu bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè wà nínú rẹ̀. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, tàbí kẹ́ ẹ sè é.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó yẹ kẹ́ ẹ ti dé ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Ibùdó tó lé ní 250 ló wà lójú ọ̀nà náà: òrùlé kan, ògiri mẹ́ta, iwájú sì ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń rí àyè, nítorí náà kí ẹgbẹ́ gbé àgọ́ tiwọn dání. Èkúté pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì lu àpò yín jálẹ̀ nítorí ẹ̀pà kan ṣoṣo. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ làwọn onírìn ń pè ní òru ọ̀gànjọ́ tiwọn. Ẹni tó bá ń pariwo lẹ́yìn ìgbà yẹn ò mọ ìwà hù.

Ẹranko, òtútù àti ìmọ́tótó

Béárì dúdú wà nínú igbó yẹn. Kì í sábà bá èèyàn jà, oúnjẹ ló ń wá. Ẹ má gbé oúnjẹ wọnú àgọ́, títí kan ọṣẹ ìfọyín, nítorí òórùn rẹ̀. Àpótí líle tí béárì ò lè ṣí ló dára jù. Láti Jarrard Gap sí Neel Gap ní Georgia, dandan ni àpótí yìí fún ẹni tó bá fẹ́ sùn níbẹ̀ láàárín ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta sí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà. Lance Creek, tó ṣáájú Jarrard Gap, la sùn ní alẹ́ kẹta.

Eégbọn kéré, ṣùgbọ́n ó lè kó àìsàn Lyme ran èèyàn. Ẹ máa yẹ ara yín wò lálaalẹ́: abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, ẹ̀yìn etí. Níbi yìí lọ̀rẹ́ ti wúlò, torí kò sẹ́ni tó lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé aṣọ òwú. Bó bá ti tutù, kì í tètè gbẹ, òtútù orí òkè ní oṣù Kẹrin kì í sì í ṣe ti ọyẹ́ ilé wa. Ní ti ìgbọ̀nsẹ̀, ṣáláńgá wà ní ọ̀pọ̀ ibùdó. Níbi tí kò bá sí, ẹ fi nǹkan bí ìṣísẹ̀ 70 jìnnà sí omi àti sí ọ̀nà, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó íǹṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, kẹ́ ẹ sì bò ó. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọwọ́. Oògùn apakòkòrò tí a ń fi ra ọwọ́ kò ká norovirus, àrùn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó máa ń ràn láàárín àwọn onírìn.

Àdéhùn kó tó di ìrìn

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Lórí Appalachian Trail, eré náà lè má tó ọjọ́ méjì. Ẹnì kan ń sáré bí àgbọ̀nrín, ẹnì kan fẹ́ ya fọ́tò gbogbo òdòdó, ẹnì kan ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ lẹ́yìn tí kò fẹ́ sọ pé ó ti rẹ òun. Bí ẹ bá fipá rìn pọ̀, ẹni tó yára á máa bínú, ẹni tó ń fà á máa farapa. Bí olúkálukú bá sì ń lọ láìsí àdéhùn, ẹnì kan lè sọnù.

Sísọnù yìí kì í ṣe àwàdà. Ní oṣù Keje 2013, obìnrin ẹni ọdún 66 kan ń rin apá Maine. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti ní láti padà sílé nítorí ọ̀ràn ẹbí, òun sì ń dá rìn lọ. Ó yà sínú igbó láti lọ gbọnsẹ̀, kò sì mọ ọ̀nà padà mọ́. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀, kò lọ, nítorí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n wá a títí. Ọdún 2015 ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ níbi tó pa àgọ́ sí, kò sì tó máìlì méjì sí ojú ọ̀nà. Ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ fi hàn pé ó ṣì wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán.

Nítorí irú èyí, kí a tó kúrò ní Atlanta, a jókòó, a sì fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin.

Èkíní, olúkálukú á rìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣe gbé e, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níwájú gbọ́dọ̀ dúró níbi gbogbo tí ọ̀nà bá ti pín, níbi omi, àti níbi tí títì bá ti gé ọ̀nà, títí tí ẹni ìkẹyìn á fi dé. Ẹni ìkẹyìn náà á sì sinmi kí ẹnikẹ́ni tó tún gbéra. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé èyí: àwọn tó yára ti sinmi tán, bí ẹni tó ń fà ṣe ń dé ni wọ́n ń dìde.

Èkejì, ẹni tó bá fẹ́ yà sínú igbó á gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí àwọn yòókù á ti rí i. Fèrè kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí nǹkan bá ń dùn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Kò sí akíkanjú.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹnì kan bá máa padà, kò ní dá padà.

Ọjọ́ kẹta ló dán àdéhùn yìí wò. Ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù nínú wa, awakọ̀ tírélà, wọ bàtà tuntun wá. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti lé ròrò, ó sì ti bẹ́. Nọ́ọ̀sì tó wà nínú wa yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ yìí ò gbọdọ̀ gun Blood Mountain." Ẹ̀gbọ́n ní kò sí nǹkan kan, pé àwọn ò ní torí tàwọn ba ìrìn ẹlòmíì jẹ́. Bá a bá ní ká máa jiyàn, ọ̀rọ̀ á di ti ojú tì mí. Àdéhùn ló gbà wá: ó ti wà nílẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni farapa, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n fi wọ́lẹ̀ ni. Títì GA 60 gba Woody Gap kọjá, nǹkan bíi 33 kìlómítà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bá a sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ tí a ti bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀ nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sì wá gbé wọn. Àwa méjì tó kù gun Blood Mountain, òkè tó ga 1,359 mítà, a sì dé Neel Gap lọ́jọ́ kẹrin. Ìbínú ò sí láàárín wa, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n sì ti jinná.

Àṣà kan tún wà tó máa dùn mọ́ ọmọ Yorùbá: kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ ilé lójú ọ̀nà yẹn. Ìnagijẹ lo máa jẹ́, ẹlòmíì ló sì ń sọ ọ́ lórúkọ nítorí ohun tó rí lára rẹ. Ìgbín là ń pe ẹni tó gbé ìrọ̀rí, nítorí ó kó ilé dání. Ó ti jẹ́ ẹ báyìí, kò ní bọ́ mọ́.

Kí ẹ tó lọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ méjì, kì í ṣe mẹ́wàá. Ẹ wọ bàtà yín káàkiri àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó di ọjọ́ ìrìn. Ẹ kọ orúkọ ibi tẹ́ ẹ máa sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tó gbọ́dọ̀ pe ọlọ́pàá tí kò bá tíì gbúròó yín. Ẹ má fi ọkàn tán fóònù, ẹ gbé máàpù orí ìwé dání. Bí agbára bá gbé e, ẹ̀rọ tó ń gba ojú sátẹ́láìtì pe ìrànlọ́wọ́ ń ṣiṣẹ́ níbi tí fóònù kò ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ pe àwọn ọ̀rẹ́ yín jókòó, kẹ́ ẹ sì bi ara yín léèrè pé: bí ọ̀kan nínú wa ò bá lè rìn mọ́, ta ló máa bá a padà? Bí ẹ ò bá rí ẹni tó dáhùn, ẹ má tíì di ẹrù.