Òfin Gíláàsì Dúdú àti Ẹni tí Oòrùn Ń Pa Lára

Ní ọdún 1991, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, ni òfin jáde ní Nàìjíríà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ láró tó bẹ́ẹ̀ tí ará ìta kò fi ní í rí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, àfi bí aláṣẹ bá yọ̀ǹda fún un nítorí ìdí pàtàkì. Ìtanràn 2,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Ẹ̀rù ohun tí a fi pamọ́ ni ó bí òfin náà. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń wá ìbòòji nínú ọkọ̀ ni ó ń sá pamọ́. Àfín jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ẹni òrìṣà ni àwọn Yorùbá àtijọ́ pè é, wọ́n ní Ọbàtálá ni ó ni ín. Awọ rẹ̀ ṣaláìní èròjà dúdú tí ó ń gba oòrùn dúró. Oòrùn lè di jẹjẹrẹ sí i lára, ìmọ́lẹ̀ a sì máa ta á lójú. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kúrò ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìkẹjà lọ́sàn-án, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, láti ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn yóò ti máa nà án, nítorí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kì í sábà dá ìtànṣán náà dúró tó ti iwájú.

Ọ̀rọ̀ awọ àti ọ̀rọ̀ ojú kò rí bákan náà. Ọ̀rá mímọ́ gaara kan wà tí a lè lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tí ó ń dá ìtànṣán tí ń ba awọ jẹ́ dúró láìsọ ọkọ̀ di òkùnkùn. Irú èyí kò bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò gba ìmọ́lẹ̀ ni òkùnkùn gan-an wúlò fún, òun ni ìyọ̀ǹda sì tọ́ sí.

Báwo ni òkùnkùn náà ṣe gbọdọ̀ pọ̀ tó? Òfin 1991 kò fi iye kankan lélẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gíláàsì iwájú ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ lò láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1985 gbọdọ̀ jẹ́ kí ìdá 75 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ wọlé, ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ìdá 70. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ní Nàìjíríà, ojú ọlọ́pàá ni òṣùwọ̀n. Ìlànà ìrìnnà ọdún 2012 tún fi ìyọ̀ǹda sọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá kéde ètò ìwé ìyọ̀ǹda lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì dárúkọ àìlera àti ààbò gẹ́gẹ́ bí ìdí rẹ̀.

Ìwé dára ju àrọwà ẹ̀bá ọ̀nà lọ, ṣùgbọ́n ìwé láìsí òṣùwọ̀n kò parí iṣẹ́. Bí iye bá wà nínú òfin, tí dókítà sì jẹ́rìí, aláìsàn kò ní í dàbí ọ̀daràn, ọ̀daràn kò sì ní í fi àìsàn bojú. Ọwọ́ òsì ni a fi í bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi í fà á mọ́ra. Òfin tí ó bá ní ọwọ́ kan ṣoṣo kò tíì pé.