Ìwé Ìjọba àti Ìtàn Ilẹ̀ Èkìtì

Nínú Ìwé Ẹ́sírà a kà pé nígbà tí a ń dí àwọn Júù lọ́wọ́ láti kọ́ Tẹ́ḿpìlì, Ọba Dáríúsì kò fi àhesọ dá ẹjọ́ náà. Ó pàṣẹ kí a wá inú ilé tí a ń kó ìwé pamọ́ sí, a sì rí ìwé kan ní Ákímétà tí a kọ àṣẹ Ọba Kírúsì sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn àgbà Júù ti wí tẹ́lẹ̀. Ìwé ni ó jẹ́rìí gbè wọ́n. Àwa ará Èkìtì pẹ̀lú ní Ákímétà tiwa. Ìbàdàn ni ó wà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó tíì yà síbẹ̀.

Kí a tó dá ilé náà sílẹ̀, ọ́fíìsì àwọn Àjẹ́lẹ̀ Òyìnbó káàkiri ni àwọn ìwé wọ̀nyí wà, tí ikán àti òjò ń bá wọn jà. Ọ̀mọ̀wé Kenneth Dike ni ó bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ wọ́n wò ní 1951. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1954, òfin rẹ̀ sì jáde ní 1957. Inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ilé náà wà, irú rẹ̀ sì wà ní Enugu àti ní Kaduna. Ti Ìbàdàn ni ó kàn wá, nítorí níbẹ̀ ni ìwé Ẹkùn Èkìtì àti ti gbogbo agbègbè Oǹdó láti ayé àwọn Òyìnbó wà, pẹ̀lú púpọ̀ nínú ìwé C.M.S. ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ogun Kírìjì ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí ọmọ Èkìtì tí a kò tíì sọ fún bí Fábùnmi Òkè-Mẹ̀sí ti bẹ́ orí àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, àti bí Ògèdèngbé ti ṣe olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Ìtàn ẹnu dùn lórí èyí, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ àgbà léèrè ohun tí a fẹnu kò sí nígbà tí ogun parí, wọn yóò wí pé a là wọ́n, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Ìwé ìjọba sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdéhùn náà wà ní kíkọ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ọjọ́ 4 oṣù Júùnù, 1886. Àwọn àlùfáà C.M.S. méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni Gómìnà Moloney ti Èkó fi ṣe oníṣẹ́ láàrin ibùdó méjèèjì. Orúkọ Ajerò Ìjerò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ti Ọwá Iléṣà, ti Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn àti ti Ọlọ́jùdó Ìdó. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé Èkìtì gba òmìnira, ṣùgbọ́n pé Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ kù sábẹ́ Ìbàdàn, a sì yọ̀ǹda fún ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ kí ó máa lọ. Ìtàn ẹnu wa kì í fẹ́ràn láti dárúkọ ohun tí a fi sílẹ̀ kí àlàáfíà tó dé. Ní oṣù Sẹ́ptẹ́ḿbà ọdún náà ni Higgins àti Smith, aṣojú Gómìnà, lọ sí ojú ogun láti tú àwọn ọmọ ogun ká. Ní 1887 a sì tẹ ìwé wọn jáde fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orúkọ wa ṣàjèjì díẹ̀: «Owore» ni wọ́n pe Ọọ̀rẹ̀.

Àwọn ìwé ìwádìí ti ọdún 1930 sí 1939 kò rí bẹ́ẹ̀, àwa sì fẹ́ kí òǹkàwé ṣọ́ra níbẹ̀. Ní àkókò Gómìnà Donald Cameron, a pàṣẹ fún àwọn Àjẹ́lẹ̀ kí wọ́n wádìí ìtàn àti àṣà ìlú kọ̀ọ̀kan kí a tó tún ìṣàkóso ìbílẹ̀ tò. Òyìnbó tí ó wá jókòó sí ààfin ìlú ńlá, ẹnu ará ààfin náà ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀, a sì mọ̀ pé ẹni tí ó ń rojọ́ kì í dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ìlú kékeré jìyà ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ ààlà, tí ó sì san owó-orí rẹ̀ lásìkò, ìwé ìjọba kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn Odò-Ọwá, abẹ́ Ìjerò ni kí ó kọ́kọ́ wò, kí ó má sì rò pé ìwọ̀nba tí a kọ ni ìwọ̀nba tí ó ṣẹlẹ̀.

Nítorí èyí ni ó ṣe ń dùn wá nígbà tí ẹni tí ń du oyè bá lọ da ojú-ewé kan ṣoṣo kọ, tí ó sì ń gbé e kiri ilé ẹjọ́ bí ẹni gbé Bíbélì. Kí ni ojú-ewé tí ó ṣáájú rẹ̀ wí? Ta ni ó bá Òyìnbó náà sọ̀rọ̀, ta ni ó sì ṣe ògbufọ̀? Nígbà tí S. A. Akíntóyè ń kọ ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1971 lórí ogun àti ìṣèlú ilẹ̀ wa, ó lo ìwé ìjọba àti ìwé Ìjọ, ó sì tún gbọ́ ti ẹnu àwọn àgbà. Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyẹn.

Àwa tí a wà nínú Ìjọ ní ìwé tiwa pẹ̀lú. Ìwé Ìrìbọmi àti Ìwé Ìgbéyàwó àtijọ́ fi ọjọ́, orúkọ òbí àti iṣẹ́ wọn hàn, èyí tí ìwé owó-orí kò ní. Ọ̀pọ̀ wà nínú yàrá ìwọṣọ tí ó ń jò. A bẹ àwọn wọ́dìn àti olùkọ́ kí wọ́n dà wọ́n kọ ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Ìwé tí Samuel Johnson parí ní 1897 sọnù nígbà tí a fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tẹ̀. Johnson sì kú ní 1901 láìrí i. Nínú àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ó fi sílẹ̀ ní ilé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún un kọ, tí ó fi jáde ní 1921.