Afárá Poughkeepsie: Igi Ló Jó, Irin Ò Jó

Nígbà tí ọmọ mi tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ New York sọ fún mi pé àwọn èèyàn ń nasẹ̀ lórí afárá rélùwéè àtijọ́ kan, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé ta ló wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Rélùwéè ni mo bá ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kì í ti òkè mọ afárá.

Odò Hudson ló gorí, ní ìlú Poughkeepsie. 1889 ni wọ́n ṣí i, torí èédú tó ń ti Pennsylvania lọ sí New England. Títí di ìgbà yẹn, kò sí afárá kankan lórí odò náà láti Albany títí dé ìlú New York. Gígùn rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà 6,700, ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 212 ga ju omi lọ.

Ọkọ̀ ń wúwo sí i, afárá ò sì lè dàgbà. Ní 1906 sí 1907, ẹnjiníà Ralph Modjeski fi irin kún àárín rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fa ojú irin méjèèjì tí ọkọ̀ ń gbà lórí rẹ̀ súnmọ́ra títí wọ́n fi wọnú ara wọn, kí ẹrù lè jókòó sáàárín gan-an. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ méjì ò lè pàdé lórí rẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n yẹn wù mí: lọ́tẹ̀ yìí wọn ò tún fi irin kan kún un, wọ́n kàn sún ojú irin.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1974, iná mú un. Wọ́n ní iná ló pa afárá náà. Èmi ò gbà. Àwọn igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ojú irin ló jó. Penn Central, iléeṣẹ́ rélùwéè tó ni ín, ti wọko gbèsè láti 1970, ó sì ní ọ̀nà mìíràn lápá Albany. Iná kàn fún un ní àwáwí ni. Ní 1984, wọ́n ta odidi afárá náà ní dọ́là kan. Ẹni tó rà á ò san owó iná tó yẹ kó máa tàn fún àwọn ọkọ̀ ojú omi, ìjọba sì bu owó ìtanràn lé e.

Àwọn ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1992, afárá sì di tiwọn ní 1998. Àwọn òmùwẹ̀ yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò nínú omi, àwọn ẹnjiníà yẹ irin wò: ó ṣì le koko. Kí ni ìwúwo èèyàn lára ohun tó ti ru ọkọ̀ èédú? Wọ́n tẹ́ pèpéle kọnkéré sórí rẹ̀, wọ́n ná bíi mílíọ̀nù 39 dọ́là, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 2009. Owó tí wọn ì bá fi wó o ju ìyẹn lọ.

Ọmọ mi bi mí bóyá ọkọ̀ ojú irin lè padà síbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ kì í ṣe ti irin. Ojú ọ̀nà tó wọ afárá náà lápá méjèèjì ti di ti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rélùwéè níbẹ̀, àwọn ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀.