Àìsàn tó ń sọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó di líle: Kí ni ìtàn ilé ìwòsàn kan ní Accra fi yé wa?

Cow Lane kò jìnnà sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Princess Marie Louise, láàrin èrò ọjà àárín gbùngbùn Accra. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ti ná ọjà ní Accra kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ́dún 1969.

Ọdún 1926 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà. Lọ́dún 1929, Dókítà Cicely Williams, tí wọ́n bí ní Jamaica, dé Gold Coast, ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́.

Àwọn ìyá ń gbé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí irun rẹ̀ pọ́n, tí awọ ara rẹ̀ ń bó wá bá a. Oúnjẹ àgbàdo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ lẹ́yìn tí wọ́n já wọn lẹ́nu ọmú.

Àwọn dókítà kan ní pellagra ni. Williams kò gbà. Ó yẹ òkú àwọn ọmọ tó kú wò, ó sì ṣe ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe: ó bi àwọn obìnrin Ga léèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Kwashiorkor, ni wọ́n sọ: àìsàn tó ń ṣe ọmọ tí àbúrò ti gba ọmú mọ́ lọ́wọ́. Ó kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1933, ó sì lo orúkọ náà nínú ìwé ìròyìn The Lancet lọ́dún 1935.

Kwashiorkor wọ́pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá fi ní orúkọ fún un. Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ńkọ́?

Lọ́dún 1901, dókítà méjì ní London, Bryant àti White, kọ̀wé nípa ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ara rẹ̀ ti le. Kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú egungun le, ló kóra jọ síbẹ̀. GACI ni àwọn dókítà ń pè é lónìí.

Iṣan náà á fún, ọkàn á máa tiraka. Ọmọ á máa mí gúlegúle, kò ní lè mu ọmú dáadáa. Nǹkan bí ìdajì wọn ni kì í pé oṣù mẹ́fà láyé. Láìsí àyẹ̀wò fọ́tò inú ara, èèyàn lè pè é ní àìsàn ọkàn lásán.

Ó tó ọdún 2003 kí àwọn onímọ̀ tó rí i pé jíìnì ENPP1 tó ní àbùkù ló ń fà á jù. Ara kò ní rí èròjà tó ń dènà kálísíọ́mù ṣe tó. Ọdún 2012 ni wọ́n so jíìnì kejì, ABCC6, mọ́ ọn.

Bàbá àti ìyá lè gbé àbùkù yìí láìṣàìsàn rárá. Tí àwọn méjèèjì bá ní in, oyún kọ̀ọ̀kan ní ewu ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà, ìyá kan lè sin ọmọ méjì tẹ̀léra.

Yorùbá ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: àbíkú. Ṣùgbọ́n àìsàn púpọ̀ ló fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ yẹn, àrùn fọ̀níkú-fọ̀látidìde sì wà lára wọn. Ọmọ tí wọ́n sì tètè sin, kò sí dókítà tó máa rí inú iṣan rẹ̀.