Láti Kokomlemle dé Òkè Akuapem, Lórí Alùpùpù

Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìdájí ọjọ́ Àìkú. Kokomlemle kò tíì jí tán, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ta ògì Hausa ti dáná. Ògì jéró ni, atalẹ̀ àti ata ń jà nínú rẹ̀, koose ló sì ń bá a rìn, ìyẹn àkàrà tiwa náà. Mo mu ife kan lórí ìdúró. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún alùpùpù ṣe ládùúgbò wa, tí wọ́n bí sí Accra níbí, ti bá mi yẹ bíréèkì wò lálẹ́ àná. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ń ti Larteh sọ̀ kalẹ̀, ẹ má gbọ́kàn lé bíréèkì nìkan o. Jíà kejì ni kẹ́ ẹ lò, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dì í mú." Mo ní mo ti gbọ́.

Ní aago márùn-ún ààbọ̀, mo ti wà lórí Ring Road. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú nìkan lèèyàn lè gba ibẹ̀ kọjá láìbá ẹnikẹ́ni ṣe gbólóhùn asọ̀. Mo kọjá oríta Ako Adjei, mo kọjá ilé ìwòsàn ológun 37, mo dé oríta ńlá tí wọ́n ń pè ní Tetteh Quarshie. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ọ̀pọ̀ ará Accra mọ orúkọ yẹn mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ ná.

Aago mẹ́fà bá mi ní Adenta. Ní Ayi Mensah ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kí ojú tó rí ohunkóhun ni ara ti mọ̀: òtútù gba ẹnu ọwọ́ ẹ̀wù wọlé, etí sì dí díẹ̀. Ẹni tó wà nínú mọ́tò pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù kò lè mọ ìgbà tó kúrò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Aago méje ku ogún. Peduase. Mo dúró ní òdìkejì ọ̀nà. Ilé ìjọba tí wọ́n kọ́ láyé Nkrumah wà lẹ́yìn géètì, àwọn ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, n kò sì jẹ́ yọ fóònù. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ti dàgbà díẹ̀ ti gbọ́ nípa Àdéhùn Aburi, ṣùgbọ́n ilé yìí ni wọ́n ti ṣe é, kí èèyàn tó wọ ìlú Aburi gan-an. Ní ọjọ́ 4 àti 5 oṣù Kìíní ọdún 1967, Ọ̀gágun Ankrah, olórí Ghana nígbà náà, gba Gowon, Ojukwu àtàwọn ọ̀gá ológun yòókù lálejò. Ọmọ Yorùbá wà nídìí tábìlì náà: Adéyínká Adébáyọ̀, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, àti Mọ́bọ́lájí Johnson ti Èkó. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn kò ní fi ipá yanjú ọ̀rọ̀. Wọ́n délé tán, olúkúlùkù túmọ̀ àdéhùn náà bó ṣe wù ú, nígbà tó sì di ọjọ́ 6 oṣù Keje, ogun bẹ́ sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé atẹ́gùn ibẹ̀ wà lára ohun tó tàn wọ́n jẹ. Téèyàn bá dúró síbẹ̀ láàárọ̀, á ṣòro fún un láti gbà pé ẹnikẹ́ni lè padà bínú.

Aago mẹ́jọ, ọgbà igi Aburi tí wọ́n ṣí ní 1890. Ọ̀pẹ gíga tò lọ́tùn-ún lósì, àgékù hẹlikópítà àtijọ́ kan sì wà nínú koríko. N kò pẹ́ níbẹ̀. Ọgbà tí wọ́n ń ja tíkẹ́ẹ̀tì fúnni kí a tó wọ̀ kọ́ ló mú mi jáde nílé.

Lẹ́yìn Aburi, ọ̀nà gba góńgó òkè lọ tààrà: Ahwerase, Obosomase, Tutu. Ìlú kan kì í tíì tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀gbẹ́ títì nínú aṣọ funfun, mo sì ní láti máa já iná sílẹ̀ kí eruku má bàa bà wọ́n.

Aago mẹ́wàá ni mo dé oko Tetteh Quarshie ní Mampong. Ẹni tí wọ́n sọ oríta lórúkọ rẹ̀ rèé. Alágbẹ̀dẹ ni, ọmọ Ga, ó ti ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Fernando Po tó ń jẹ́ Bioko báyìí, ó kó èso kòkó bọ̀ láti ibẹ̀, ó sì gbìn ín síbí ní 1879. Ẹni tó ń mú àlejò yí oko náà ká fi àdá la kòkó kan fún mi. Hóró rẹ̀ wà nínú omi funfun tó ń yọ̀. Mo lá a, ó dùn, ó tún kan díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Bó ṣe rí lára àwa náà tí wọ́n tọ́ dàgbà létí oko kòkó nìyẹn. Ní nǹkan bí àkókò kan náà ni James Pinson Labulo Davies, ará Èkó, mú èso láti Fernando Po kan náà wá gbìn sí Ìjan lẹ́bàá Agége. Alágbẹ̀dẹ kan, atukọ̀ òkun kan, erékùṣù kan. Ní 1911, Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Ghana nígbà náà, ti borí gbogbo ayé nínú kòkó. Nígbà tó yá, kòkó náà ló gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ nílẹ̀ wa. Inú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti ka ọ̀rọ̀ Gowon àti ọ̀rọ̀ kòkó. Lórí òkè yìí, láti géètì Peduase dé ìdí igi kòkó wọ̀nyí, epo inú táńkì kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo rìn.

Ọ̀sán gangan, mo jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ní Mamfe. Mo yà wo Akropong, níbi tí ìjọ Basel kó àwọn Kìrìsìtẹ́nì aláwọ̀ dúdú láti Jamaica wá ní 1843 láti bá wọn ṣiṣẹ́ ìhìnrere. Ìsìn ṣì ń lọ, ìlù ń dún. Mo ṣẹ́rí padà.

Aago méjì, Larteh. Ìlú Guan ni, ojúbọ Akonnedi sì wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ti ń ti Amẹ́ríkà wá wárí fún. Lẹ́yìn ìlú náà ni òkè já wálẹ̀ lójijì sí Ayikuma. Mo fi jíà kejì sí i. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, mo ṣe bí ọlọgbọ́n, mo fún bíréèkì ọwọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ gba táyà iwájú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkàn mi sì bá a lọ. Láti ibẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì. Ó ń ké, kò sì sáré. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró létí ọ̀nà, wọ́n fi òkúta há táyà rẹ̀, òórùn bíréèkì tó jó kún gbogbo kọ́nà náà. Lọ́wọ́ òsì, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé àwọn òkè Shai.

Aago mẹ́rin, Dodowa. Ní 1826, ní agbègbè yìí, àwọn ará etíkun àti Gẹ̀ẹ́sì fi rọ́kẹ́ẹ̀tì lé ogun Asante padà. Lónìí, mọ́ńgòrò ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Aago márùn-ún ààbọ̀ bá mi níbi iná Madina, láàárín ọkọ̀ tí kò lọ tí kò bọ̀. Ní 2012, òfin ìrìnnà ka gbígba owó gbé èrò lórí alùpùpù léèwọ̀, síbẹ̀ àwọn ọlọ́kadà tò síwájú iná bí ẹni ń dúró de ìbọn eré ìje. Obìnrin kan tó gbé báàgì lé èjìká fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn: "Okada, èló ni Circle?" Mo ní n kì í ṣe ọlọ́kadà. Ó wo akoto orí mi, ó wo eruku tó bò mí dé bàtà, ó ní kí n sọ iye tí mo fẹ́ gbà, ká yé fi àkókò ṣòfò. Kí n tó la ẹnu, iná ti yí padà, ó ti pòṣé, ó ti gun ti ẹlòmíràn, wọ́n sì ti gba àárín mọ́tò méjì kọjá níwájú mi.