Ìtàn "Bí" Nínú Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà a máa wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni í mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ̀rọ tí kò bá lè wádìí bí nǹkan ti rí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni yóò máa tọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, "bí", ni ó sọ ẹ̀rọ ìṣirò di kọ̀ǹpútà.

Láti 1834 ni Charles Babbage, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń yàwòrán ẹ̀rọ kan tí yóò máa wo èsì ìṣirò kí ó tó mọ àṣẹ tí ó kàn. Ó kú ní 1871 láìkan ẹ̀rọ náà parí. Ní 1941, Konrad Zuse parí Z3 ní Berlin. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ "bí": níbi tí ọ̀nà bá ti pín sí méjì, kò lè fúnra rẹ̀ yan ọ̀kan.

Nígbà tí FORTRAN jáde ní 1957, IF rẹ̀ ń bèèrè bóyá iye kan kéré sí òdo, tàbí ó jẹ́ òdo, tàbí ó ju òdo lọ. Nọ́ńbà ìlà tí a ó fò lọ ni ìdáhùn. ALGOL 60 ni ó mú "bí" àti "bí bẹ́ẹ̀ kọ́" súnmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn. Ní 1991, Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé Python jáde pẹ̀lú if, elif àti else. Ohun tí ó bá wà lábẹ́ "bí" kan, a ó sún ìlà rẹ̀ wọnú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ kíyè sí i: láti òkè ni Python ti ń bèèrè, èyí tí ó bá kọ́kọ́ jẹ́ òtítọ́ ni yóò ṣe, kò sì ní bèèrè ìyókù mọ́. Ká ní 70 sókè ni A, 60 sókè ni B, 50 sókè ni C. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá fi ìbéèrè 50 ṣáájú, ẹni tí ó gba 85 yóò gba C. Ẹ̀rọ kò ní ráhùn, nítorí kò sí àṣìṣe nínú gírámà rẹ̀.

A ti fún ẹ̀rọ ní "bí". Ṣùgbọ́n èwo ni kí a kọ́kọ́ bèèrè, ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣì wà.