Ìmọ́lẹ̀ tí ń Borí Òkùnkùn ní Àkókò Lẹ́ńtì

Ogójì ọjọ́ Lẹ́ńtì, tí Ìjọ Kátólíìkì ń bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú Eérú, kì í ṣe àkókò ààwẹ̀ àti ìrònúpìwàdà nìkan. Láti ìgbà láéláé ni a ti ń fi múra àwọn tí yóò ṣe ìrìbọmi ní òru Àjíǹde sílẹ̀. Ìtànmọ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ tí àwọn Kristẹni ìṣáájú fún ìrìbọmi náà. Justin Mímọ́ Ajẹ́rìíkú lò ó nínú ìwé tí ó kọ sí olú ọba Róòmù ní nǹkan bí ọdún 155.

Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin Lẹ́ńtì ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù. Ní ọdún A, nínú ètò ọlọ́dún mẹ́ta tí a fi ń ka Ìwé Mímọ́, Ìhìnrere ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú ni a ń kà, èyí tí ó wà ní orí kẹsàn-án ìwé Jòhánù. Ọjọ́ náà ni a tún ń ṣe ètò àyẹ̀wò kejì fún àwọn tí a yàn fún ìrìbọmi, gẹ́gẹ́ bí ìwé ètò ti ọdún 1972 ṣe là á sílẹ̀. Orúkọ náà lè dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdánwò. Àdúrà ni, pé kí Ọlọ́run tú wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ irọ́ tí ń fọ́ ènìyàn lójú.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo ìtàn náà, nítorí òkùnkùn inú rẹ̀ kì í ṣe ti afọ́jú yẹn nìkan. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kò béèrè bí ọkùnrin náà ṣe ń jẹun. Ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mọ̀, bóyá òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì láàrin wa, níbi tí a ti ń sọ fún ìyá ọmọ aláàbọ̀ ara pé kí ó lọ wádìí ohun tí ó ṣe. Jésù kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó fi itọ́ po amọ̀, ó fi pa ọkùnrin náà lójú, ó sì rán an lọ wẹ̀ ní adágún Sílóámù.

Nígbà tí ó padà dé tí ó ń ríran, àwọn aládùúgbò ń jiyàn bóyá òun ni tàbí ẹni tí ó jọ ọ́. Àwọn àgbà ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ojúmọmọ ni èyí. Ó jọ pé ibi tí ó ti ń ṣagbe ni wọ́n mọ̀, wọn kò wo ojú rẹ̀ rí. Àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ ọ́n, àmọ́ wọ́n bẹ̀rù kí a má baà lé wọn kúrò nínú sínágọ́gù. Wọ́n ní ó ti dàgbà, kí a bi òun fúnra rẹ̀. Òun sì ni a lé jáde. Àwọn Farisí tí ó dá lójú pé àwọn ríran nìkan ni kò rí ìwòsàn gbà. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti le jù fún àwa tí a ti ṣe ìrìbọmi tipẹ́.

Ohun tí a ń kà ní Lẹ́ńtì ni a ń fojú rí ní Àìsùn Àjíǹde. Òfin Ìjọ ni pé kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, òwúrọ̀ Sátidé Mímọ́ ni wọ́n ń ṣe é, tí wọ́n ń kéde ògo òru náà nígbà tí oòrùn ti là. Ní 1951, Póòpù Pius Kejìlá gbà kí a dá a padà sí òru láti fi dán an wò; àṣẹ oṣù November 1955 sì sọ ọ́ di dandan láti 1956. Àtúnṣe ńlá ni, nítorí ta ni í rí àbẹ́là tí a tàn sínú oòrùn?

A ń pa gbogbo iná ṣọ́ọ̀ṣì, a ń dá iná tuntun níta, a sì ń fi í tan àbẹ́là Àjíǹde, tí a ya àgbélébùú, Álífà, Òmégà àti nọ́ńbà ọdún náà sí lára. Bí a ti ń gbé e wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń kéde ìmọ́lẹ̀ Kristi. Lára rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń tan tiwọn, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Orin Exsultet tí ó tẹ̀lé e kò gbàgbé àwọn oyin tí ó ṣe ìda rẹ̀.

Lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì, a ń gbé àbẹ́là náà lọ sí ibi ìrìbọmi. Lára rẹ̀ ni a ti ń tan àbẹ́là kékeré tí a ń fún ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi fún. Bí onígbàgbọ́ bá sì kú, òun kan náà ni a ń gbé dúró sí ẹ̀gbẹ́ pósí rẹ̀ nígbà Mísà ìsìnkú.